Àwòrán Mi Ló Wà Lára Ìgò Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ìgò fítámì kan bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú un wá. Mo máa dúró dè yín.

Ṣé ẹ ti mú un dé? Ẹ wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun, àbí? Ara rẹ̀ ń dán? Ẹ má gbà á gbọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi náà ti rẹ́rìn-ín lára ìgò rí, ìyá tó bí mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀rín náà lọ.

Onímọ̀ nípa oúnjẹ ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Bí dókítà bá ti kọ oògùn fún aláìsàn tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń rán an sí kí n sọ ohun tó yẹ kó jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn fún un. Bí oúnjẹ nìkan ò bá sì tó, èmi náà ni mò ń yan àfikún tó máa lò: ti egungun, ti ẹ̀jẹ̀, ti aboyún. Ohun tí mo bá yàn ni wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ. Ohun tí mi ò bá yàn, ìta ló ń gbé.

Mo gbéra ga nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.

Mo ní fọ́ọ̀mù kan tí mo fúnra mi kọ. Ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀. Ta ló ṣe é? Níbo ló ti ṣe é? Kí ló kó sínú rẹ̀, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Yàrá àyẹ̀wò wo, tí kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é, ló yẹ̀ ẹ́ wò? Báyìí báyìí títí ó fi dé ìbéèrè keje, èyí tí mo fẹ́ràn jù: ǹjẹ́ nọ́ńbà orí ìwé àyẹ̀wò bá nọ́ńbà ìdí ìgò mu? Gbogbo ìgò tí wọ́n bá ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí wọn nídìí. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá ti bára mu, a jẹ́ pé ìgò ẹlòmíì ni wọ́n yẹ̀ wò, tiyín kọ́.

Ìbéèrè keje yìí ni mo fi ń lé àwọn aṣojú iléeṣẹ́ oògùn jáde. Ọ̀kan tiẹ̀ ti sá dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé àpò òun ṣì wà lórí àga. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Ẹ̀rí-Dà. Mo máa ń díbọ́n pé orúkọ yẹn ń bí mi nínú. Irọ́ ni, ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá dúró síwájú àwọn aláìsàn nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, màá gbé ìgò kan sókè.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kí là ń kọ́kọ́ bi ìgò?”

“Ẹ̀rí dà?” Gbogbo wọn á dáhùn bí ọmọ iléèwé.

“Àwòrán ara rẹ̀ ńkọ́?”

“Àwòrán kì í wo àìsàn!”

Bàbá kan tó ń ṣe télọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù. Etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kó pariwo. Màmá mi ní tiwọn, ìjókòó iwájú ni wọ́n máa ń wà, wọn á máa wò mí bí ẹni pé àwọn làwọn fọwọ́ mọ mí. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń fi gègé pupa fa igi sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn kì í gba ìdáhùn kankan láìwo bí o ṣe ṣe é. Èmi nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.

“Ohun tó bá ti ọwọ́ ọmọ mi wá,” ni wọ́n máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ wọn, “mi ò ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò ná.

Aṣojú kan wà tó wá bá mi lọ́dún kan, èmi àti nọ́ọ̀sì wa sọ ọ́ ní Sùúrù. Àwọn aṣojú tó kù máa ń wọlé pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀bùn. Sùúrù ò gbé nǹkan kan dání. Ó jókòó wákàtí méjì pẹ̀lú àwọn aláìsàn, ó gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tilẹ̀ bá wọn pariwo “Ẹ̀rí dà?” Nígbà tó wọ ọ́fíìsì mi, ó ti kọ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù mi tán. Mi ò tíì bèèrè.

“Àǹtí, mi ò wá ta ọjà,” ó ní. “Ẹ̀kọ́ yín ni mo wá gbọ́.”

Ó gbé ìgò kan kalẹ̀. Àfikún fún egungun àwọn àgbàlagbà ni, kálísíọ́mù àti fítámì D. Mo wò ó, mi ò rí àléébù.

“Ohun kan ló ń dùn mí,” Sùúrù ní. “Àwọn èèyàn kì í ka ohun tí a kọ sára ìgò. Ojú tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ wá wo ojú àwọn tí wọ́n ń lò! Ọmọdébìnrin tí kò mọ fítámì yàtọ̀ sí súìtì. Bó bá jẹ́ ojú ẹni tó mọṣẹ́ ló wà níbẹ̀ ńkọ́, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò gba gbẹ̀rẹ́?”

“Ojú ta nìyẹn?” mo bi í. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo sọ fún un pé mi ò gba owó o. Mo lu tábìlì bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀, òun ò tilẹ̀ dán irú rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí kò gba rìbá, tó wá fi ojú ara rẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ayàwòrán dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n wọ ẹ̀wù funfun. Èmi ò ní ẹ̀wù funfun, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe nídìí iṣẹ́ mi. Mo yá èyí tí Dókítà Àgbà fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Apá rẹ̀ gùn jù mí lọ, nọ́ọ̀sì bá mi ká a sókè.

“Àǹtí,” nọ́ọ̀sì ní, “àwòrán kì í wo àìsàn, àbí ó ti ń wò ó?”

“Ti ẹni tó mọṣẹ́ yàtọ̀,” mo dá a lóhùn. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, páálí ìgò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹwà! Mi ò mọ̀ pé mo rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán náà pé: “Ẹni tó mọ èyí tó dára ló yàn án.” Àwọn aláìsàn ń gbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, wọ́n ń fi mí wé ara mi.

Ìwé àyẹ̀wò wà nínú páálí àkọ́kọ́. Mo mú un lọ́wọ́ kan, mo mú ìgò lọ́wọ́ kejì, mo yí ìdí ìgò sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Nọ́ńbà orí ìwé parí sí oókan. Nọ́ńbà ìdí ìgò parí sí ẹẹ́sàn-án.

Mo rí i. Ẹni tó bá ní mi ò rí i, ó fẹ́ràn mi ni. Mo rí i kedere.

Mo pe Sùúrù lórí fóònù.

“Áà, àṣìṣe akọ̀wé ni, Àǹtí,” ó ní. “Ìwé gidi á tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ká ní aṣojú mìíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, màá ti lé e dé òpópónà. Ṣùgbọ́n aláìsàn méjì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n fọwọ́ sí ìgò wọn bíi gbajúmọ̀. Mo yí ìgò náà padà sí apá ibi tí ojú mi wà. Mo mú gègé, mo kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí iwájú ìbéèrè keje. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìgò tí mo kọ́kọ́ mú kúrò nínú páálí, Màmá mi ni mo gbé e lọ fún.

Wọ́n wò ó títí. “Ó jọ bàbá rẹ,” ni wọ́n ní, omi sì lé ròrò sójú wọn. Wọ́n gbé e sójú fèrèsé yàrá wọn, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ibùsùn. “Kí n lè máa rí ọ láàárọ̀ kí n tó gbé ti òòjọ́ mì.”

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀.

“Ó ń rẹ̀ mí,” ni Màmá sọ fún mi lórí fóònù.

“Ṣé ẹ̀ ń lo nǹkan yẹn?”

“Lójoojúmọ́. Mi ò fò ó rí.”

“Ẹ máa lo méjì.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sí iléèwé gíga láti lọ kọ́ nípa oúnjẹ, ohun tó wí nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: “Òǹgbẹ ń gbẹ mí ṣáá, mo sì ń tọ̀ bí ọmọ ọwọ́.”

“Omi mímu dára, Màmá.”

“Mi ò ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin.”

“Ẹ jẹ èso.”

Gbogbo ohun tí wọ́n ń kà fún mi yìí, ó wà nínú ìwé tí mo kà lọ́dún kejì mi níléèwé. Bó bá jẹ́ aláìsàn mìíràn tó ń lo ìgò mìíràn, ǹ bá ti fura kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa fura sí ara mi? Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i, èmi sì ń bu omi sí i.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ iléèwé ọmọ aládùúgbò wọn. Ọmọ náà ti kọ ọ́ pé méje àti mẹ́jọ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá mi fi gègé pupa fagi lé e, wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún.

Ọmọ náà wò mí. Èmi náà wò ó.

“Màmá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni o,” mo rọra sọ.

“Ta ní kó o wá kọ́ mi níṣirò?” Wọ́n bínú gan-an. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí, wọ́n sì fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè wakọ̀ lọ. Ọgbọ́n tí mo wá gbé jáde ni pé ọjọ́ ogbó ló ń dé. Mo pe Sùúrù lórí ìwé àyẹ̀wò náà. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wà níwájú àwọn aláìsàn, mo gbé ìgò ẹ̀kọ́ sókè, ìgò tèmi, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣí gbàù. Ìyá ọmọ aládùúgbò yẹn àti awakọ̀ kan gbé Màmá mi wọlé. Orí wọn ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ti ṣubú ní bálùwẹ̀.

Dókítà Àgbà gbà wọ́n wọ inú yàrá, ó sì ní kí n dúró síta. Ọkùnrin yìí kì í pariwo, kì í sáré. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Màmá lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èmi dúró, ìgò ṣì wà lọ́wọ́ mi, àwọn aláìsàn ń kí mi pé kò ní le.

Nígbà tó yá, Dókítà Àgbà jáde pẹ̀lú ìwé kan.

“Kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá ààlà,” ó ní. “Ó ti ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ti gun orí. Kí ni Màmá ń lò?”

Mo fẹ́ dáhùn.

Ìyá ọmọ yẹn ló tú àpò Màmá mi. “Èyí nìkan ni, Dókítà. Méjì méjì lójúmọ́. Ọmọ wọn ló ní kí wọ́n máa lo méjì.”

Dókítà Àgbà gba ìgò náà. Ó wo àwòrán. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀wù funfun tó wà nínú àwòrán náà, mo rí i pé ó dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo páálí tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ bá mi mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá, àti ìwé àyẹ̀wò.”

Mo lọ mú un. Ó ń ka ìbéèrè níkọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìkeje. Ó rí “bẹ́ẹ̀ ni” tí mo kọ. Ó yí ìdí ìgò sókè, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

Bàbá télọ̀ tó wà lẹ́yìn rí ẹni tó gbé ìgò sókè, níwájú èrò, lọ́jọ́ Ajé. Ó rò pé ẹ̀kọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

“Ẹ̀rí dà?” ó pariwo.

Gbogbo yàrá náà sì gbè é, bí mo ṣe kọ́ wọn: “Ẹ̀rí dà?”

Mo fojú bolẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, tó fata sẹ́nu, èmi nìyẹn. Dókítà Àgbà ò bá mi wí rárá. Ó kó ìwé náà pọ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ tọ́jú Màmá,” ó sì wọlé lọ. Ìbá sàn kó gbá mi létí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Màmá fi wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn tí wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Yàrá àyẹ̀wò tí a gbé ìgò náà fún sọ fún wa pé fítámì D tó wà nínú hóró kan tó ìlọ́po ogójì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ wá fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra yín. Iléeṣẹ́ Sùúrù kọ lẹ́tà sí wa. Wọ́n ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn, nítorí onímọ̀ kan tó dáńtọ́ ti yẹ ọjà náà wò, ó sì ti fọwọ́ sí i. Wọ́n so fọ́ọ̀mù mi mọ́ lẹ́tà náà.

Ìgò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló ti kúrò lọ́wọ́ wa. Mo fẹsẹ̀ mi rìn láti ilé dé ilé láti gbà wọ́n padà. Ẹ gbọ́ o, ó rọrùn láti kó nǹkan fúnni ju kí á gbà á padà lọ.

Bàbá télọ̀ di tirẹ̀ mú sáyà. Òǹgbẹ ti ń gbẹ òun náà, agolo omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lò ó,” ó ní.

“Èmi náà ni mo ní kí ẹ dá a padà, Bàbá. Mo ṣàṣìṣe.”

Ó wo ìgò, ó wò mí. “Èyí tó wà lára ìgò ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin ń sunkún. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?”

Wákàtí kan gbáko ni mo fi bá ara mi du bàbá yẹn kí n tó borí.

Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló padà. Mẹ́tàlá ṣì wà níta títí dòní, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú ìgò yín wá. Bó bá jẹ́ obìnrin kan ló wà lára rẹ̀, tó wọ ẹ̀wù funfun tí apá rẹ̀ gùn jù ú lọ, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Ẹ má wo ẹ̀rín rẹ̀.

Wọn ò lé mi níṣẹ́. Dókítà Àgbà ní kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń dáhùn ìbéèrè keje báyìí. Ó máa ń wẹ̀yìn wò mí nígbàkigbà tó bá ń ṣe é. Mo gbà.

Ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, Dókítà Àgbà ní egungun Màmá tún nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé ìgò tuntun lọ bá wọn, ìgò lásán tí kò ní àwòrán. Mo tú hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ wọn bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì gbé omi tì wọ́n.

Wọn ò gbé e mì.

“Bá mi mú awò ojú mi,” ni wọ́n ní. “Ìwé rẹ̀ dà?”

Mo fún wọn. Wọ́n yọ gègé pupa jáde. Wọ́n yí ìdí ìgò sókè, wọ́n ń fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá rí i pé ó bára mu, wọ́n á fagi sí i. Mo dúró síwájú wọn bí ọmọ tí kò mọ̀ bóyá òun yege. Nígbà tí wọ́n fagi tó kẹ́yìn, wọ́n ju hóró náà sẹ́nu, wọ́n mu omi lé e.

“Má bínú,” Màmá mi sọ. “Tẹ́lẹ̀, bó o bá bu iyẹ̀pẹ̀ fún mi pé kí n gbé e mì, mo máa gbé e mì ni.”

“Báyìí ńkọ́, Màmá?”

Wọ́n dé ìgò náà pa dáadáa kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

“Báyìí, màá kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ibi tó o ti bù ú.”